Yìnyín Abẹ́ Igi Máńgòrò

Ẹ̀rọ tó sọ mí di ẹni ẹ̀sín níwájú àwọn ọmọ Primary 5 nílùú Ìbàdàn kò ju ìdajì káàdì ATM lọ. Micro:bit ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 2016, wọ́n pín nǹkan bíi mílíọ̀nù kan rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní Britain. Àbúrò mi tó ń ṣe tíṣà ní London ló fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ó ń wọn ooru, ó ń wọn ìmọ́lẹ̀, kí àwọn ọmọ máa kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n fi ya àwòrán, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bọ́gbọ́n mu. Mo ní kékeré nìyẹn.

Nítorí eruku, mo dì í sínú ọ̀rá, mo gbé e lé ojú fèrèsé, oòrùn ń ta á lórí. Ìgbà tí màá fi padà dé, 46 ló kọ síta. Ni mo bá sáré lọ sí ọ́fíìsì HM, ọ̀gá ilé ìwé wa: "Mà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa lọ sílé o, ooru kíláàsì wa ti di 46!" Màmá wò mí, wọ́n wo temómítà ara ògiri wọn. 32. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ lọ mu omi tútù."

Ẹ̀rọ náà kò purọ́ ṣá. Inú ṣípù tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ gan-an ni ohun tó ń wọn ooru wà. Ooru ara rẹ̀ ló ń sọ, ó sì máa ń fi díẹ̀ ju ti afẹ́fẹ́ lọ, ká má tíì wá sọ èyí tí tíṣà pọ́n bíi mọ́ínmọ́ín. Àwọn tó ń fi wíwọn ojú ọjọ́ ṣiṣẹ́ ṣe kì í gbé temómítà sínú oòrùn. Inú àpótí funfun tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ló máa ń wà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní tọ́ọ̀mù tó kọjá.

Mo bá gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Bátìrì kéékèèké méjì ló ń lò, mo sì ti yọ ti rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ilé wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ níyàwó ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀: aago mẹ́jọ, 27, mẹ́sàn-án, 30, mẹ́wàá, 32, mọ́kànlá, 35. Nígbà tó fi di aago méjìlá, ẹ̀rọ ti kú. Ọmọ mi tó wà ní Primary 2 ti tú bátìrì lọ. Ìyá rẹ̀ ló pàṣẹ fún un láàárọ̀ pé kó má wálé láìmú un dání.

Àyè òfìfo yẹn ń tì mí lójú, mo bá kọ 0 sí i. A ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a fi 5 pín in: 24.8. Mo wá ń ṣe wàásù: "Ṣẹ́ ẹ rí i bí ìbòòji igi ṣe ń mú ara tutù?"

Ọmọbìnrin kan nawọ́. "Sà, ṣé yìnyín bọ́ ní aago méjìlá ni? Èmi wà níbẹ̀ o, mò ń làágùn."

Ẹ̀rín pa kíláàsì. Òun náà ló ní ká pa 0 rẹ́, ká fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ká wá fi 4 pín in. Ó di 31.

Ẹ̀yin ará òkè òkun tẹ́ ẹ ń fi irú ẹ̀rọ yìí ránṣẹ́ sílé, a dúpẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi bátìrì sí i.