Alàgbà Kò-Sírú-Ẹ̀-Mọ́

Kò sí àdúgbò tí kò ní tirẹ̀ ní Ìbàdàn. Bí ó bá di àárọ̀ Sátidé, tí ẹ bá rí bàbá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó wọ ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì, tó ki orí àti èjìká bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì Pijó 504, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ. Òun náà ni. Ẹ kí i pé ẹ kú iṣẹ́, kò ní gbórí sókè kó tó dá yín lóhùn: "Ẹ ṣeun o. Irú ẹ̀ ò sí mọ́!"

Gbàǹjo ìjọba ló ti ra ọkọ̀ náà, owó táṣẹ́rẹ́ ló sì san. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti ń gbẹ̀san lára owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Bí ẹ bá ṣèèṣì jókòó tì í, ẹ ó gbọ́ pé ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti gbé 504 jáde ní 1968, pé òun ló gba oyè ọkọ̀ tó ta yọ jù ní Yúróòpù fún ọdún 1969, pé 1975 ni ilé iṣẹ́ Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó nílé níbí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde nílé kẹ́yìn nìkan ni kì í mẹ́nu bà.

Lọ́dún yìí, bíréèkì ló kàn. Alàgbà ti ṣàwárí pé họ́ọ̀sì rọ́bà ni ọ̀tá. Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Họ́ọ̀sì kékeré tó so páìpù irin pọ̀ mọ́ kálípà lẹ́sẹ̀ táyà a máa gbó. Ara rẹ̀ á sán, inú rẹ̀ á sì rọ̀. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, agbára tó yẹ kó lọ fún pádì mọ́ dísìkì ni rọ́bà á fi máa wú, ẹsẹ̀ yín á kàn máa rì ṣáá. Nígbà mìíràn inú rẹ̀ á dí: ẹ ti gbẹ́sẹ̀ kúrò, bíréèkì ò tú, táyà kan á gbóná, ọkọ̀ á sì máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bá bá irú èyí sọ̀ kalẹ̀ ní òkè Mókọ́lá ti ń fẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn ṣeré.

Ṣùgbọ́n rọ́bà tuntun wà ní Àràrọ̀mí, lẹ́bàá Géètì, ó sì tó o ṣiṣẹ́ náà dáadáa. Kí ló wá kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀? Dúdú ni. Ta ni yóò pe àlejò wá wo rọ́bà dúdú? Alàgbà pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní họ́ọ̀sì sitéńléèsì lòun fẹ́, èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ Tẹflọ́ọ̀nù, tí wọ́n fi wáyà irin tí kì í dípẹtà hun ìta rẹ̀. Ó dé lóòótọ́, láàárín bàtà ọmọ ìkókó àti ìpara, nínú báàgì ẹni tó ń bọ̀ wá ṣègbéyàwó. Ọjọ́ mélòó kan ni ó fi wà lórí tábìlì ìjẹun. Ìyá Táyọ̀, ìyàwó rẹ̀, ní kí wọ́n gbé irin kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọbẹ̀. Wọ́n gbé ọbẹ̀ kúrò.

"Tí wọ́n bá so èyí," ni Alàgbà wí fún gbogbo ẹni tó bá kọjá, "lójú ẹsẹ̀ ló máa dúró gbagidi!"

Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Họ́ọ̀sì tí kì í wú á jẹ́ kí bíréèkì le lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ ó sì mọ ìwọ̀n tí ẹ tẹ̀. Ṣùgbọ́n pádì ló ń di dísìkì mú, táyà ló sì ń di ọ̀dà títì mú. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo táyà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún Alàgbà. Tòkunbọ̀ ni, eyín rẹ̀ ti tán. Wọ́n tẹ 1409 sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́: ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2009 ni wọ́n ṣe é. Mo fọwọ́ kàn án fún Alàgbà. Ó ní kí n má da ọ̀rọ̀ rú, bíréèkì là ń sọ.

Ọjọ́ iṣẹ́ pé. Mẹkáníìkì dé pẹ̀lú sípánà àti ọmọ iṣẹ́ kan. Alàgbà gbé àga síta, ó ń ṣàlàyé agbára epo lábẹ́ ìtẹ̀. Mẹkáníìkì kò fèsì. Ó so họ́ọ̀sì tán, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ yí sítíárìn dé ìpẹ̀kun ọ̀tún, lẹ́yìn náà dé ìpẹ̀kun òsì, òun fúnra rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ sórí páálí, ó tan iná fóònù sábẹ́ ọkọ̀.

"Dádì, ó ń ha táyà o."

"Kò lè ha á. Ìlú òyìnbó ló ti wá."

"Irin ló wà lára ẹ̀, Dádì. Tó bá ń ha á báyìí, bí ayùn ló máa ṣe rẹ́ táyà."

Ó tú u, ó yí ọrùn rẹ̀ díẹ̀, ó tún un so, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ọkùnrin yìí ò ka ìwé kankan lórí họ́ọ̀sì rí.

Ó wá ku kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. "Tẹ̀ ẹ́! Dì í mú! Ó yá, fi sílẹ̀!" Mẹkáníìkì ní kí wọ́n ra epo bíréèkì tuntun. Alàgbà ní rárá, òun ní DOT 4. Ó sì kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́: DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, tí omi bá sì ti wọ̀ ọ́ dáadáa, ó lè já wálẹ̀ dé 155. Ó lọ gbé ike náà wá. Láti Kérésìmesì ló ti wà nínú búùtù, ìdérí rẹ̀ ò sì wọlé tán.

"Dádì, èyí tí ẹ ń sọ yìí náà nìyí o," ni mẹkáníìkì wí.

"Owó tí mo ná ti tó."

Wọ́n dà á sí i. Alàgbà wakọ̀ dé ìkóríta, ó sì padà, ó ń tẹ bíréèkì níwájú ilé kọ̀ọ̀kan. Ó le lábẹ́ ẹsẹ̀ lóòótọ́. Ìyá Táyọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ó ń dúró de kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí yóò gbé e lọ sóde.

Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ibi tí epo bíréèkì ta sí lára fẹ́ńdà ti wú, ọ̀dà ti ń bó. Mo rò pé Alàgbà yóò bínú. Rárá o, ojú rẹ̀ là. Ó wá ìwé ọkọ̀ jáde láti wo nọ́ńbà ọ̀dà tí Kàdúná fi kùn ún, ó sì tẹ Lọ́ńdọ̀nù láago.

"Dádì, wọn kì í jẹ́ ká gbé ọ̀dà wọ báàlù o, ó lè gbiná," ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Báàlù òde òní ni. Ti ìgbà yẹn ń gbé e. Irú ẹ̀ ni ò sí mọ́."