Omi Ò Lọ́tàá, Ìyá Aláṣọ Ló Ní Òun Ń Bá A Jà

Ẹ sún mọ́bí díẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n pariwo. Bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹlòmíràn nínú agbo ilé yìí, ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ló ti gbọ́ ọ, ó kàn bù mọ́ ọn ni. Èmi kì í ṣòfófó o. Fèrèsé yàrá mi ló kọjú sí ẹnu kànga, tó tún kọjú sí ilé ìwẹ̀ àti ẹnu géètì. Ṣé kí n máa dijú jókòó ni?

Ẹ ti gbọ́ pé Ìyá Aláṣọ ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bímọ, tó ní kí màmá wá bá òun wẹ ọmọ. Òtútù ti wọlé lọ́hùn-ún nígbà tó lọ. Ọyẹ́ tiwa ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ kó tó padà. Gbogbo wa la lọ kí i káàbọ̀, kì í ṣe torí ẹ̀bùn o, ìwà ọmọlúàbí ni. Ó pín ṣokoléètì, ẹyọ kan fún yàrá kan, títí kan yàrá Ìyá Ìbejì tí wọ́n pọ̀ débi pé àwọn kan ń sun ẹnu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tó pín fún wa jù lọ ni ẹjọ́ omi.

Ó ká ìró sókè, ó ká apá bùbá, ó ní ká wo ara òun. Lóòótọ́, ara ìyá ti ṣí. Ojúgun funfun báláú, ìgbọ̀nwọ́ ń bó, ẹ̀yìn ọwọ́ ti sán. "Ẹ wo ohun tójú mi rí lọ́wọ́ omi ẹ̀rọ," ó ní. "Kílórìn ni! Bí mo bá ti ṣí i báyìí, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé ìwẹ̀. Òru ọ̀gànjọ́ ni mo fi ń họra títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Èmi ni ọ̀tá ẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ló ti búra pé omi ẹ̀rọ kò ní kan ara òun mọ́, ì báà jẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù, ì báà jẹ́ èyí tó ń ti Aṣẹ́jìrẹ́ wá sí Ìbàdàn níbí. Bí omi ẹ̀rọ bá yọ, tí gbogbo ilé ń sáré gbé kẹ́ẹ̀gì, òun á jókòó, á yínmú. Kànga ẹ̀yìnkùlé ló kù tó ń wẹ̀. Àwọn ìbejì ló sì ń rán lọ fà á, láìfún wọn ní kọ́bọ̀, ohun tó dá ìjà òun àti ìyá wọn sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin kan ní aṣọ tí Ìyá Ìbejì gbà láwìn ni wọ́n jà sí. Aṣọ náà wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yẹn àti àbúrò mi jọ ṣe ìwé mẹ́wàá. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ àbúrò mi sì máa ń wà lọ́wọ́ mi nígbà míràn. Ohun tọ́mọ náà wí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìyá rẹ̀. Ó ní bí màmá bá wọ ilé ìwẹ̀ lọ́hùn-ún, á ṣí omi gbígbóná, á dúró lábẹ́ ẹ̀ títí dígí ara ògiri á fi bò fún ooru. Ọṣẹ dúdú tó gbé láti ilé ló ń lò, òwúrọ̀ àti alẹ́, ó sì ń fi kànrìnkàn ha ara bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò ọbẹ̀ tó jóná. Bó bá jáde, kò ní fi òróró kan ara, torí wọ́n ti sọ fún un pé òróró ń ba aṣọ bẹ́ẹ̀dì jẹ́. Á wá lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ irin tó ń mú ilé móoru, fèrèsé sì wà ní títì pa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ohun tí ọyẹ́ ń ṣe fún ètè, ọyẹ́ inú ilé nìyẹn, tí wọ́n ń fowó tanná rẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ẹni bá ní ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu kì í sọ ọ́ kí èrò tó pé.

Èrò wá pé lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ. Gbogbo wa wà níta, oníkálukú pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ tirẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pé kì í ṣe abẹ̀bẹ̀ nìkan lọwọ́ ń jù. Ọwọ́ ń họra. Bàbá Tíṣà ń họ ẹ̀yìn, Ìyá Ìbejì ń họ ọrùn, èmi pàápàá ń họ orúnkún. Ìyá Aláṣọ ló ń họ jù. Ó ní kílórìn Lọ́ńdọ̀nù ló ṣì wà nínú ara òun.

Nọ́ọ̀sì ilé ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Màmá, ọmọ tẹ́ ẹ lọ wẹ̀ ńkọ́?"

"Ọmọ mi ń dán! Ara ẹ̀ ń yọ̀ pẹ̀rẹ́pẹ̀rẹ́."

"Omi wo lẹ fi ń wẹ̀ ẹ́, mà?"

"Omi ẹ̀rọ kan náà. Èwo ló tún kù níbẹ̀?"

"Báwo lẹ ṣe ń wẹ̀ ẹ́?"

Ìyá Aláṣọ tún ìró ró. Ẹ̀mí ìṣògo ti wọ̀ ọ́. "Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Wàrà-wàrà, kí òtútù má mú un. Bí mo bá ti gbé e jáde tí ara ẹ̀ ṣì tutù, òrí ni, látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀."

Nọ́ọ̀sì kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wò ó. Bàbá Tíṣà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ ń rín? Ṣé ẹ ń sọ pé kílórìn ò ṣe mí ní nǹkan kan ni?"

"Ó lọ́wọ́ nínú ẹ̀, mà," Nọ́ọ̀sì dáhùn, "àmọ́ òun kọ́ ni olórí ọ̀daràn." Ó wá là á yé wa. Ó ní òróró kan wà lójú awọ tí Ọlọ́run fi síbẹ̀, tó ń di omi inú ara mú. Kílórìn lè ṣí díẹ̀ kúrò níbẹ̀, pàápàá lára ẹni tí awọ rẹ̀ ti gbẹ tẹ́lẹ̀ tàbí tó ní àrùn awọ ẹ́kísíìmà. Àwọn oníṣègùn kan ní Jàpáànì tẹ ìwádìí wọn jáde lórí ẹ̀ ní 2003: kílórìn tó ṣẹ́ kù nínú omi ìwẹ̀ ń dín agbára tí awọ ẹlẹ́kísíìmà fi ń di omi mú kù, awọ tiwọn sì tètè ń mọ̀ ọ́n lára ju ti ẹni tára rẹ̀ dá ṣáká lọ. Ṣùgbọ́n kékeré ni kílórìn ẹ̀rọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán kó ku mílígíráàmù 0.2 nínú lítà kan nígbà tó bá dé ẹnu ẹ̀rọ, kó má sì kọjá 5. Lítà omi kan fúnra rẹ̀ sì wúwo tó mílígíráàmù mílíọ̀nù kan. Ẹ fi 5 síbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó.

"Omi gbígbóná ló ń yọ́ òróró yẹn dànù," ó ní. "Ọṣẹ ń gbá èyí tó kù lọ, torí eérú ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, eérú sì ń já awọ ẹni tó ti gbẹ. Kànrìnkàn wá ń ha ojú awọ fúnra rẹ̀. Ìgbà tí gbogbo wọn bá parí iṣẹ́ tán ni kílórìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, òun lẹ sì mú."

Ìyá Aláṣọ ò gbà. Ó ní òun fojú ara òun rí kílórìn tó gan mọ́ inú kẹ́tùlù wọn, funfun, ó le koránkorán. Nọ́ọ̀sì ní kílórìn kọ́ nìyẹn. Ilẹ̀ ẹfun pọ̀ lágbègbè Lọ́ńdọ̀nù, omi tó bá gba inú ẹ̀ kọjá á kó kálísíọ̀mù dání. Omi líle ni wọ́n ń pè é. Ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú ẹ̀, kì í sì í ṣàn kúrò lára tán, ìyókù á wà lójú awọ, á máa yún èèyàn. Ó ní èyí ń da ọ̀pọ̀ àwọn tiwa láàmú lọ́hùn-ún ju kílórìn lọ.

"Ìdí nìyẹn tọ́mọ mi fi fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń sọ omi di rírọ̀!"

"Ẹ ní kó dáwó náà dúró ná, mà. Wọ́n ti dán an wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ 336 tó ní ẹ́kísíìmà, wọ́n pín wọn sí méjì, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sílé àwọn kan, àwọn yòókù kò ní in. Ní 2011 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Ti àwọn tó ní ẹ̀rọ kò sàn ju ti àwọn tí kò ní lọ."

Ibí yìí ni Bàbá Tíṣà ti já ọ̀rọ̀ gbà. Ẹ mọ̀ ọ́n, bó bá ti di ìtàn, ẹ wá ìjókòó. Ó ní ká má bú kílórìn. Ìlú Lincoln nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun ń pa wọ́n nínú omi wọn, kó tó di pé ní 1905 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kílórìn sí i. Ní 1908, Jersey City ní Amẹ́ríkà náà bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ìka sókè. "Ọdún 1908 yẹn kan náà, kí ló ṣẹlẹ̀ ní Èkó?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ̀fọn nìkan ló ń sọ̀rọ̀. "Dókítà John Randle àti Dókítà Orísàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀, torí ìjọba amúnisìn fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ̀lú, kó sì gbowó lórí ẹ̀. Àwọn ará Èkó fárí gá, wọ́n ní àwọn ní kànga tiwọn." Ó wá kọjú sí Ìyá Aláṣọ. "Ìyá, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ bá omi ẹ̀rọ jà. Ẹ kàn pẹ́ dé ojú ogun ni."

A rín, a rín. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Nọ́ọ̀sì ní òun fẹ́ sọ èyí tó máa yà wá lẹ́nu. Ó ní lẹ́yìn odi, àwọn dókítà awọ máa ń ní kí àwọn ẹlẹ́kísíìmà kan da bílíìṣì díẹ̀ sínú omi ìwẹ̀, kí wọ́n máa wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, torí kòkòrò tó ń kó sójú egbò. Nǹkan bíi mílígíráàmù 50 kílórìn inú bílíìṣì náà ló ń wà nínú lítà kan omi náà, ìyẹn ìlọ́po mẹ́wàá òté tí wọ́n fi lélẹ̀ fún omi ẹ̀rọ. Ìyá Ìbejì káwọ́ lérí. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ pé dókítà ló ń wọ̀n ọ́n o, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fojú bù ú.

Ó wí pé "fojú bù ú" báyìí, Bàbá Onílé húkọ́.

Ẹnu ti ń yún mi tipẹ́, ó ju orúnkún lọ. Mo ní, "Bàbá Onílé, ẹ bá wa sọ ohun tó wà nínú gálọ́ọ̀nù tẹ́ ẹ gbé lọ sẹ́nu kànga láàárọ̀ kùtùkùtù Sátidé."

Gbogbo orí yí sí i. Bàbá ní òun gbọ́ pé onígbáméjì wà níta, òun sì fẹ́ dáàbò bo àwọn ayálégbé òun. Bílíìṣì ni. Mélòó ló dà sí i? Ó ní òun dà á títí ọkàn òun fi balẹ̀.

Ẹ ò rí nǹkan! Ìyá Aláṣọ tó sá fún omi ẹ̀rọ, tó ń wẹ kànga láàárọ̀ àti lálẹ́, òun gan-an ló wẹ kílórìn jù nínú agbo ilé. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. "Bàbá Onílé, ẹ fẹ́ bó mi ni?" "Ìyá, ẹ̀mí yín ni mo fẹ́ gbà là." "Ẹ̀mí mi, ṣé kì í gbé inú awọ ni?"

Wọ́n wá bi mí pé, mo rí i láti Sátidé, kí ló dé tí mi ò sọ. Mo ní kò sẹ́ni tó bi mí. Bí mo bá sọ, ẹ ní mo ń ṣòfófó. Bí mi ò bá sọ, ẹ ní mo dákẹ́.

Nọ́ọ̀sì ní èrò Bàbá dára, ọwọ́ rẹ̀ ló le. Ẹni tó bá fẹ́ fi kílórìn sí kànga gbọ́dọ̀ wọn jíjìn rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀ kó tó mọ iye tó máa dà sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì pọn ọ́n títí òórùn líle yẹn á fi lọ. Ẹni tí òórùn ti ẹ̀rọ bá ń dà láàmú, kó pọn omi ìwẹ̀ sílẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kó ṣí i fún ìgbà díẹ̀; púpọ̀ nínú kílórìn náà á fò lọ. Níbi tí iléeṣẹ́ omi bá ti da amóníà mọ́ ọn nìkan ni kì í tètè lọ.

Ó ní ohun tó kù kò le: ẹ wẹ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ má pẹ́, ẹ fi ọṣẹ sí abíyá, abẹ́ àti ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ rọra fi kan ibi tó kù, ẹ rọra nu ara, kẹ́ ẹ fi òrí tàbí fasilín pa á nígbà tí ọ̀rinrin ṣì wà níbẹ̀, torí òrí kì í mú omi wá, èyí tó bá ti wà ló ń há mọ́lé. Bó bá ti ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń ṣomi, ẹ lọ sílé ìwòsàn. Bó bá sì jẹ́ pé òru ló ń yún, tó ń yún èèyàn púpọ̀ nínú yàrá kan, ẹ má dá omi lẹ́bi rárá. Kúrúnà ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò, kòkòrò tíntìntín tó ń gbẹ́lẹ̀ sábẹ́ awọ, gbogbo ará ilé ló sì gbọ́dọ̀ lo oògùn rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló pe ẹnì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mi ò ní dárúkọ onítọ̀hún. Ọmọ rẹ̀ méjì ló kàn jọra.

Ìyá Aláṣọ wọlé láìkí ẹnikẹ́ni. A rò pé ó bínú ni. Àfi bó ṣe ránṣẹ́ sí Ṣakí lọ́jà tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n kó òrí wá fún un ní ọ̀rá ńlá. Ó ti ń dì í sínú ike kéékèèké báyìí, ó gbé e síwájú àwọn aṣọ ìtajà rẹ̀, ó ń polówó rẹ̀ fún àwọn oníbàárà pé òrí tí wọ́n fi ń tọ́mọ ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Owó rẹ̀ sì ti gba ìwé ìrìnnà. Bàbá Onílé ra méjì láti fi tọrọ àforíjì. Èmi náà mú ọ̀kan láwìn. Bó bá bi yín, ẹ ní ẹ ò rí mi.