Tíì Tó Ń Kúnlẹ̀ Kí Ahọ́n

Ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ tíì dúdú àwọn ará Japan yìí, ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Tíì Assam ti Íńdíà tí a mọ̀, tó bá wọ ẹnu, á gbá ahọ́n létí, á ha ọ̀fun, ojú ẹni á là. Ti Japan ní tirẹ̀ á kọ́kọ́ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á kúnlẹ̀, á ní kí ahọ́n má bínú pé òun dí i lọ́wọ́. Kò korò, kò fún ẹnu pọ̀. Adùn rẹ̀ gan-an, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ owó òyìnbó ni ìjọba wọn ní kó lọ bá àwọn gbà wá! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rán Tada Motokichi lọ sí Ṣáínà ní 1875, tó sì tún kọjá sí Íńdíà lọ wo Assam àti Darjeeling. Jagunjagun samurai ni Tada tẹ́lẹ̀ lábẹ́ Shogun, olórí ogun tó ń ṣàkóso Japan nígbà náà. Ìgbà tí ìjọba ọ̀gá rẹ̀ wó ló di àgbẹ̀ tíì. Ó kó irúgbìn bọ̀ láti Íńdíà, ó gbìn ín sí Mariko ní Shizuoka. Inú ìran irúgbìn yẹn ni wọ́n ti ṣa Benihomare, tó gba nọ́ńbà kìíní nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ oríṣi tíì sílẹ̀ ní 1953. Ẹ gbọ́ àfojúdi: nílẹ̀ tí tíì aláwọ̀ ewé ti ń jọba, tíì dúdú ló lọ gba nọ́ńbà kìíní! Ayọ̀ náà ò pẹ́. Ní 1971, wọ́n ṣí ẹnubodè fún tíì dúdú ilẹ̀ òkèèrè, olówó pọ́ọ́kú ya wọlé, ti ilé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ẹni tó ń bẹ ahọ́n, ṣé ó lè bá èèyàn jà lọ́jà ni?

Lónìí, ewé Yabukita ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é ń lò, ewé tí wọ́n tọ́ dàgbà fún tíì aláwọ̀ ewé. Igi kan náà kúkú ni. Ohun tójú ewé rí lẹ́yìn tí wọ́n já a ló yàtọ̀. Ti aláwọ̀ ewé, wọ́n á tètè fi ooru omi sè é kí àwọ̀ rẹ̀ má yí. Ti dúdú, wọ́n á jẹ́ kó rọ, wọ́n á lọ́ ọ títí omi ara rẹ̀ á fi jáde, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ títí á fi pọ́n, kí wọ́n tó mú un gbẹ. Gbogbo ìyà yẹn, Yabukita ò gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ gbé imú sórí kọ́ọ̀bù: oyin díẹ̀, ànàmọ́ sísun díẹ̀.

Àwọn kan náà tó ń fi omi 60°C kẹ́ gyokuro, tíì aláwọ̀ ewé wọn, ni wọ́n ń po eléyìí, àmọ́ tíì dúdú ò fẹ́ ìkẹ́. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan ìkòkò tíì kó lè móoru, gíráàmù 3 fún kọ́ọ̀bù kan, omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 3. Bẹ́ ẹ tiẹ̀ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀, kò ní fi bẹ́ẹ̀ korò. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń bínú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń da mílíìkì agolo sí tíì títí á fi di ògì, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. (Ẹni tó ń pe Milo ní tíì, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn án, Ọlọ́run ni yóò dá a lẹ́jọ́.) Ìdajì ṣíbí mílíìkì ti tó sìnkú Yabukita. Tó bá jẹ́ dandan ni mílíìkì, ẹ wá Benifuuki, ọmọ tí Benihomare bí pẹ̀lú tíì Darjeeling, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1993. Ìyẹn lágbára, ó lè gbà á. Yabukita, lásán ni kí ẹ mu ún, ẹ má sì fi ṣúgà dójú tì í.