Ọjọ́ Tí Ikùn Mi Gbàdúrà

Ẹnu mi ló kó bá mi. Níbi ayẹyẹ kan nígbà ooru, tí tẹ̀tẹ̀ oko mi ga dé èjìká, mo kéde pé ilé wa kò ní ra ẹ̀fọ́ lọ́jà láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹta. Oko kékeré ni mo ń dá ní gúúsù London, irú èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ máa ń yá aráàlú. Àwọn ọ̀rẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Ìyàwó mi kàn wò mí.

Ọmọ àgbẹ̀ Ìkirè ni mí. Lọ́dọ̀ wa, bí òjò bá ti rọ̀, ohun tí a gbìn á hù. Ta ló mọ̀ pé oòrùn máa ń gba ìsinmi nílẹ̀ yìí? Bí ojúmọmọ bá ti dín sí wákàtí 10, ewébẹ̀ kì í fẹ́ dàgbà mọ́. Ní London, ìyẹn ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹwàá, ó di nǹkan bí àárín oṣù Kejì. Ẹ̀fọ́ ìgbà òtútù, ìgbà ooru ni wọ́n ti ń gbìn ín. Èmi fọ́n irúgbìn tèmi ní oṣù Kẹwàá gan-an. Ó hù. Kò ga ju èékánná lọ. Bó ṣe wà nìyẹn títí a fi ṣe Kérésì.

Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tí mo gbójú lé ńkọ́? Ìrì dídì òru ọjọ́ kan ló pa gbogbo wọn. Ilẹ̀ mọ́, mo bá wọn ní dúdú, wọ́n rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Mo ṣáà ká díẹ̀ wálé, mo ní ká sè é. Ìyàwó mi ní, "Olówó orí mi, èyí ti se ara rẹ̀."

Kárọ́ọ̀tì, mo rì í sínú iyanrìn nínú ahéré bó ṣe yẹ, mo wá gbé agbọ̀n ápù lé e lórí. Ápù máa ń tú afẹ́fẹ́ ethylene jáde, òun ló ń mú kárọ́ọ̀tì korò. Àbíkẹ́yìn wa tọ́ ọbẹ̀ náà wò, ó bi mí bóyá ẹnìkan ní ibà nínú ilé.

Baba òyìnbó tí oko wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ló ṣàánú mi. Wọ́n hú Jerusalem artichoke fún mi: ó rí kókókòkò bí atalẹ̀, Amẹ́ríkà ti Àríwá ló ti wá, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ jálẹ̀ ìgbà òtútù. Wọ́n tún sọ nǹkan kan nípa jíjẹ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń fetí sílẹ̀? Mo sè é, mo da ọbẹ̀ ata lé e, mo jẹ abọ́ ńlá, mo tún bù kún un. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ìṣọ́ òru ìjọ wa.

Ohun kan tí wọ́n ń pè ní inulin wà nínú Jerusalem artichoke. Ikùn èèyàn kò lè dà á; àwọn kòkòrò inú ìfun ló ń jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ ni wọ́n sì fi ń san owó oúnjẹ. Nínú ìṣọ́ òru náà, pásítọ̀ ní kí gbogbo ìjọ dákẹ́ jẹ́ẹ́ níwájú Olúwa. Ìjọ dákẹ́. Ikùn mi kò dákẹ́. Ó kùn, ó tún kùn, lẹ́yìn náà ohun tí mo ti ń fún mọ́ra láti ìgbà orin ìyìn já mọ́ mi lọ́wọ́. Màmá kan lórí ìjókòó iwájú ké "Àmín!" tọkàntọkàn, wọ́n rò pé ẹnìkan ń fi èdè àjèjì gbàdúrà ni. Nígbà tí mo fi máa lajú, ìyàwó mi ti dúró láàárín àwọn akọrin. Kì í ṣe akọrin o.

Kéèlì tí mo ti gbìn ṣáájú nìkan kò dójú tì mí. Bí òtútù bá mú un, á sọ sítáàṣì ara rẹ̀ di ṣúgà kó má baà dì, nítorí náà ó máa ń dùn sí i lẹ́yìn ìrì dídì. Ẹ bọ̀ ọ́, ẹ fi irú àti epo pupa rò ó, ó parí. Ṣùgbọ́n kéèlì láàárọ̀, kéèlì lálẹ́, àwọn ọmọ yarí. Mo yọ́ lọ ra ṣọkọ ní Peckham, mo fi iyẹ̀pẹ̀ oko pa á lára kí n tó wọlé. Ìyàwó mi ń ṣa á, ó bá bébà iye owó nínú rẹ̀, ó sì kà á sókè létí àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dán an wò, ẹ gbin kéèlì ní oṣù Karùn-ún tàbí Kẹfà, ẹ má sì jẹ́ kí ápù sún mọ́ kárọ́ọ̀tì. Jerusalem artichoke ń bẹ lóko mi rẹpẹtẹ, èyí tí a bá gbàgbé sínú ilẹ̀ ló tún ń hù. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ wá gbà á. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí ìṣọ́ òru yín bọ́ sí.