Ta Ni Yóò Mi Kùkùté Ìjọba?

Àwọn àgbà ní ẹni tó ń mi kùkùté, ara rẹ̀ ló ń mì. Oko ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n sọ ọ́, wọn ò sì purọ́. Àgbẹ̀ ayé ijọ́un tó bá ṣán igbó kì í fi agbára rẹ̀ ṣòfò nídìí àtihú kùkùté. Yóò kọ ebè yí i ká, yóò gbin iṣu sí i, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bó bá pẹ́ tí ilẹ̀ ṣá, tó fi oko náà sílẹ̀ kó di igbó, kùkùté kan náà ni yóò tún rúwé, tí yóò di igi, tí ilẹ̀ yóò fi rí ìbòòji sinmi. Kùkùté oko kò kú. Ó ń dúró de ìgbà tirẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ bà jẹ́ nígbà tí òwe yìí wọ ìlú ńlá, tó gba iṣẹ́ ìjọba.

Ẹ jẹ́ ká mú New York wò. Lọ́dún 2007, Michael Bloomberg tó jẹ́ olórí ìlú náà nígbà yẹn, àti àjọ tí òṣèré Bette Midler dá sílẹ̀, ṣèlérí pé àwọn yóò gbin igi mílíọ̀nù kan. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, wọ́n ri èyí tó pé mílíọ̀nù mọ́lẹ̀ ní Bronx, nínú ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n fi sọ orí Joyce Kilmer, akéwì tí ewì kan lórí igi sọ di olókìkí. Ọdún yẹn náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ka igi ẹ̀gbẹ́ títì káàkiri ìlú. Wọ́n bá igi tó lé ní 650,000 láàyè. Wọ́n sì bá kùkùté 17,654. Wọ́n kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú títì tí oníkálukú ń gbé, bí ìyá tó ń ka ọmọ kó tó ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Kùkùté tó ti wọ ìwé ìjọba, ta ló tún láyà láti hú u?

Igi gbígbìn dùn, ẹ má tan ara yín jẹ. Èkó náà mọ adùn rẹ̀: láti ọdún 2008 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti ya ọjọ́ 14 oṣù Keje sọ́tọ̀ fún un. Gómìnà á di ṣọ́bìrì mú, kọmíṣọ́nnà á bomi sí i, gbogbo àwọn tó wọ fìlà á sún mọ́ ibi tí kámẹ́rà wà. Ọjọ́ wo la wá yà sọ́tọ̀ fún kùkùté? Ta ló fẹ́ kí àwọn akọ̀ròyìn wá ya òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò?

Bẹ́ẹ̀ ihò yẹn gan-an niṣẹ́. Igi ẹ̀gbẹ́ títì kò ní oko tí a ó kọ ebè yí ká. Kọnkéré ló wà lọ́tùn-ún, kọnkéré ló wà lósì, àárín wọn ni kòtò kékeré tó lè gba igi kan ṣoṣo. Bí ti àná ò bá kúrò, ti ọ̀la ò ráyè. Ìpínlẹ̀ New York sì ní òfin pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ gbẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tó àwọn tó ni páìpù àti wáyà abẹ́ ilẹ̀ létí, ó kéré tán ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì ṣáájú, kí wọ́n lè wá fi ọ̀dà sàmì sí ojú ibi tí gáàsì, omi àti iná gbà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ eléyín irin yóò dé. Kùkùté tí gìrìpá mẹ́wàá ò lè mì, ẹ̀rọ yìí á ti lọ̀ ọ́ di èérún kí ẹni tó lọ ra kọfí tó padà dé. Wọ́n gbọ́dọ̀ kó èérún náà dànù, nítorí kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ́ á máa gba náítírójìn inú ilẹ̀ mọ́ igi tuntun lọ́wọ́, bó bá sì jẹrà tán, ilẹ̀ á rì. Iyẹ̀pẹ̀ gidi ni wọn yóò fi dípò rẹ̀.

Nítorí náà, òwe àgbà ti fẹ́ tàsé o. Kùkùté ti wá ṣeé mì lóde òní. Ọ́fíìsì ni kò ṣeé mì. Ẹni tó gé igi ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí yóò gbin tuntun ń retí ẹni tí yóò lọ kùkùté. Ẹni tí yóò lọ̀ ọ́ ń retí ẹni tí yóò kun ọ̀dà. Kí ọ̀dà tó gbẹ, àsìkò ìgbìn ti kọjá. Onílé tó bá ké gbàjarè, ara rẹ̀ ló ń mì. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ó ń fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò, kò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àbá tèmi kò le. Kí a sọ kùkùté híhú di ayẹyẹ. Kí a rán aṣọ ẹbí aláwọ̀ èérún igi, kí gómìnà gé ríbọ́nnì lẹ́nu ihò, kí onílù máa ki ẹ̀rọ. Kí a má sì ka igi kankan mọ́ òṣèlú lọ́wọ́ àfi tó bá kọ́kọ́ fi ihò kan hàn wá. Owó tí a bá fẹ́ fi gbin igi, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná an láti orí kùkùté.

Títí dìgbà náà, kí ẹlẹ́sẹ̀ máa wolẹ̀. Ní ìlú New York, òfin ọdún 2003 di ẹ̀bi ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó bà jẹ́ ru onílé, àfi àwọn ilé kékeré tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé. Lọ́dún 2008, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ New York wá là á yé wọn pé kòtò igi kì í ṣe ara ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lójú òfin yẹn. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀, kó má tíì dìde. Kó kọ́kọ́ wo ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ wà, bóyá orí kọnkéré ni tàbí inú kòtò, kó lè mọ ẹni tí yóò pè lẹ́jọ́.