Pálọ̀ Olówó ní Kamina

Ọkùnrin náà wọ bàtà funfun wá sí Kamina. Ẹni tó bá mọ bí ilẹ̀ wa ṣe ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni lásìkò òjò ì bá ti mọ̀ láti ibẹ̀ pé àlejò yìí kò múra àtipẹ́. Èmi kò wo bàtà. Ẹ̀rọ bíńtín tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ń wò, èyí tó ń ta iná pupa sára ògiri, tó sì ń ka gígùn yàrá jáde fúnra rẹ̀, láìsí tépù, láìsí ọmọdé tó ń di ìdí tépù mú lọ́hùn-ún. Kó tó wọn yàrá kejì, mo ti fi ọkàn gbé iṣẹ́ fún un. Kí ló kù? Ìyàwó mi ló kù.

Ilé bàbá mi ni ilé yìí. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní Lomé, tí mo kó ẹrù gba òpópónà N1 padà sí agbègbè Atakpamé, ohun méjì ló wà nílẹ̀: páànù tó ń jò, àti ojú mi tó ti là. Ìyàwó mi ní páànù ni ká kọ́kọ́ tún ṣe. Mo ní rárá, ta ni àlejò tó ń wo páànù? Pálọ̀ ni àlejò ń wò. Mo ti pẹ́ ní Lomé ju kí n padà wá jókòó sórí àga onígi, bí ẹni tí kò kúrò nílé rí.

Bíríkìlà kan wà lẹ́yìn ọgbà wa, ọmọ Ifẹ̀ bíi tèmi, ìyẹn àwa tí ìwé máa ń pè ní Ana. Òun ló kọ́kọ́ wá wo ilé. Ó fi ìka kan ògiri, ó gun àkàbà wo abẹ́ páànù, ó sọ̀kalẹ̀, ó gbọn ọwọ́. "Mẹ́tìrì," torí bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ níhìn-ín nìyẹn, "orí ló ń dun ilé yìí. Ẹ jẹ́ ká wo orí rẹ̀ sàn ká tó kun àtíkè fún un." Ó kọ iye owó sójú ewé kan tó ya nínú ìwé ọmọ rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo dúpẹ́, mo ní a ó máa rí ara wa. Mo ti ìwé náà bọ abẹ́ rédíò. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ní ènìyàn dáadáa ni, àmọ́ ará oko ni.

Orí Facebook ni mo ti rí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Lomé ni wọ́n wà, wọ́n ń pe ara wọn ní décorateur, fọ́tò ilé tí wọ́n ti ṣe sì pọ̀ lọ jàra. Pálọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ní ààrò lára ògiri, igi ń jó nínú rẹ̀, ajá onírun gígùn kan sì nà gbalaja síwájú iná. Ǹjẹ́ mo bi ara mi pé ta ló ń yáná nínú pálọ̀ ní Lomé? N kò bèèrè. Iye tí wọn yóò gbà ṣe irú ààrò yẹn fún mi ni mo bèèrè.

Ohun tó wá pa mí pátápátá ni ìtàn. Oníbàtà funfun yìí jókòó, ó mu omi tí a gbé fún un, ó ní òun kò ní ṣe pálọ̀ mi bíi ti gbogbo ayé. Ó ní "style Kamina 1914" ni òun máa ṣe. Mo gbọ́ orúkọ ìlú mi pẹ̀lú ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ara mi sì wú.

Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ náà, kó gbọ́ o. Láàárín 1911 sí 1914, iléeṣẹ́ Telefunken ti Jámánì kọ́ ibùdó wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá kan sí Kamina, Baron Anton Codelli, ọlọ́lá kan láti Ljubljana, ló sì ṣe alábòójútó rẹ̀. Òpó gogoro ni wọ́n nà sókè nínú igbó wa, àwọn mìíràn ga ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ, kí ọ̀rọ̀ lè fò láti ibí dé Nauen ní ìtòsí Berlin, bíi 5,000 kìlómítà. Tòun ti gbogbo wàhálà yẹn, ìwọ̀nba oṣù díẹ̀ ló fi ṣiṣẹ́. Ogun àgbáyé bẹ́ sílẹ̀ lóṣù kẹjọ 1914, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gba ojú rélùwéè bọ̀ láti Lomé, nígbà tó sì di òru 24 mọ́jú 25 oṣù náà, àwọn Jámánì wó òpó wọn lulẹ̀, wọ́n fọ́ ẹ̀rọ wọn, kí ọ̀tá má bàa rí i lò. Ní ọjọ́ 26, wọ́n túúbá. Àwókù rẹ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún títí di òní.

Ìyàwó mi, tó ti ń dákẹ́ láti ìgbà yẹn, wá la ẹnu. "Ṣé èyí tí àwọn tó kọ́ ọ tún fọwọ́ ara wọn wó yẹn? Ṣé bí tiwa náà yóò ṣe rí nìyẹn?"

Oníbàtà funfun rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, láti fi hàn pé èmi àti òun jọ lajú ni.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi àwòrán ránṣẹ́ sórí WhatsApp, irú èyí tí kọ̀ǹpútà máa ń yà tí ènìyàn yóò fi rò pé fọ́tò ni. Pálọ̀ mi nìyí! Fèrèsé mi nìyẹn, àmọ́ òkun ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àga onítìmùtìmù aláwọ̀ eérú wà níbẹ̀, obìnrin kan tó wọ aṣọ péńpé sì jókòó lé e, ó ká ẹsẹ̀, ó gbé ife wáìnì dání. Mo gbé e fún ìyàwó mi wò tayọ̀tayọ̀.

Ó wò ó títí. "Ta ni obìnrin yìí?"

Mo ní kì í ṣe ènìyàn, àwòrán lásán ni, wọ́n kàn fi ṣe ẹwà ni.

"Ó ti jókòó sínú pálọ̀ mi. Ṣé òun náà wà nínú devis?"

Kò sí ohun tí kò lè wà nínú devis yẹn, ìyẹn ìwé iye owó iṣẹ́ tí wọ́n kọ fún mi, nítorí kò sí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ìwé náà dán, àmì iléeṣẹ́ wọn ní àwọ̀ mẹ́rin. Ìlà kìíní: "Salon, forfait." Ìlà kejì: "Plafond, forfait." Ìlà kẹta: "Ambiance lumineuse, forfait." Forfait ni pé iye kan ṣoṣo la dá lé e, ẹ má bi wá léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò sí iye àpò sìmẹ́ǹtì, kò sí iye mítà, kò sí oríṣi pákó. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi fi odo dá ọmọ ọlọ́mọ lọ́lá torí pé wọ́n kọ ìdáhùn láìkọ ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀, èmi ni mo gbé bíìkì tí mo fọwọ́ sí i. Mo sì san ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kí wọ́n tó gbé ṣọ́bìrì ẹyọ kan wá. Wọ́n ní owó láti fi ra ọjà ni.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo wọ aṣọ dáadáa láti pàdé àwọn òṣìṣẹ́ Lomé. Géètì ṣí. Bíríkìlà ẹ̀yìn ọgbà wa ló wọlé, òun àti ọmọṣẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì wọ T-shirt tí wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ náà sí láyà. Bébà tí wọ́n fi dì í ṣì wà lára tirẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, Mẹ́tìrì. Wọ́n ní kí n wá ṣiṣẹ́ nílé oníbàárà àwọn kan ní Kamina. N kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Ilẹ̀ kò lanu. Mo ní kó kú iṣẹ́. Nígbà tó yá tí a jọ ń mu omi, mo fi ọgbọ́n bèèrè iye tí wọ́n fẹ́ san fún un. Kò tó ìdajì ohun tó béèrè lọ́wọ́ mi níjọ́sí. Iye tí mo fi lé wọn lọ́wọ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, ìyàwó mi ń ka ìwé ìròyìn yìí.

Ọ̀rọ̀ àjà wá kù. Àjà tó wà ní "style Kamina 1914" ni wọ́n ń pè ní staff. Plâtre ni wọ́n ń pò mọ́ fọ́nrán okùn, wọ́n á dà á sínú ohun tí wọ́n fi ń mọ ọ́n, èyí tó ní òdòdó àti ọnà lára, yóò gbẹ, wọ́n á so ó rọ̀ sókè. Ó rẹwà, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ọ̀tá rẹ̀ ni omi. Bó bá ti mu omi, yóò wúwo, yóò rọ̀, ohun tó so ó rọ̀ yóò sì jù ú sílẹ̀. Bíríkìlà wa gun òkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Mẹ́tìrì, páànù yìí ṣì ń jò o." Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí oníbàtà funfun. Ó dá mi lóhùn pé páànù kò sí nínú devis. Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo yọ ọ́.

Àwọn àna mi wá kí wa nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí. Èmi ni mo pè wọ́n, kí wọ́n wá wo ibi tí ọmọ wọn ń gbé. Òjò bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹun. Mo ń ṣàlàyé Telefunken fún ìyá ìyàwó mi nígbà tí ohun kan ké "kẹ́rẹ́" lókè. Mo gbé ohùn sókè kí n lè bo ariwo náà. Ìgbà tí mo dé orí Baron Codelli ni àjà já, odindi ojú kan pẹ̀lú òdòdó rẹ̀, ó bọ́ sáàárín tábìlì, ó fọ́ yángá sórí fùfú. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò ba ẹnì kankan. Eruku rẹ̀ ni kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, ìyá ìyàwó mi ti funfun láti gèlè dé bàtà, ó jókòó jẹ́jẹ́, ìkòkò ọbẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Àtíkè tí bíríkìlà ń wí náà nìyẹn. Màmá nu ojú kan, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọkọ ọmọ mi, ẹ tún ìtàn náà bẹ̀rẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, nọ́ńbà oníbàtà funfun kò lọ mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa ló gba fóònù mi, tó fẹ àwọn fọ́tò iléeṣẹ́ náà. "Bàbá, ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri yìí." Ihò mẹ́ta onígun ló wà lára rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò ní Lọ́ndọ̀nù àti ní Nàìjíríà. Ní Togo, ihò róbótó méjì la ní. Ó tún wo òmíràn, bákan náà ni. Kò sí pálọ̀ Togo ẹyọ kan nínú gbogbo pálọ̀ tí mo fi yàn wọ́n.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Lomé. Àdírẹ́sì tó wà lórí devis ni "inú von tó wà lẹ́yìn ilé oògùn", von sì ni wọ́n ń pe òpópó iyanrìn tó ya kúrò lójú títì lọ́hùn-ún, iye von tó wà lẹ́yìn ilé oògùn ní Lomé kò lóǹkà. Èyí tí mo bá níkẹyìn jẹ́ ìsọ̀ kékeré tí wọ́n ti ń ṣe fọtokópì àti Flooz, ìfowóránṣẹ́ orí fóònù. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní ọ̀gá máa ń yà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n fi ẹ̀dà devis mi sílẹ̀ kí òun lè fi hàn án. Ó ṣe fọtokópì rẹ̀, ó sì gba owó fọtokópì lọ́wọ́ mi.

Ibẹ̀ ni mo gbà lọ sọ́dọ̀ ọmọ kan tí mo kọ́ ní collège, tó ń bá amòfin ṣiṣẹ́ nísinsìnyí. Ó wo ìwé náà sókè sódò. "Mẹ́tìrì, RCCM wọn dà?" Ìwé tí wọ́n ń fi orúkọ oníṣòwò sí ni RCCM, bákan náà ló rí ní gbogbo orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún tó wà nínú OHADA, àdéhùn òfin òwò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Port-Louis lọ́dún 1993. Ìlà kan péré ló máa ń gbà nísàlẹ̀ devis. Tèmi kò ní. "NIF wọn ńkọ́?" Ìyẹn nọ́ńbà owó orí tí OTR, iléeṣẹ́ agbowó-orí, máa ń fún wọn. Kò sí. Ó wá fi ìka sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti fi TVA, owó orí ọjà, 18% kún owó mi. "Ẹni tí kò ní NIF, ta ló ń bá gba TVA?" N kò lè fèsì. Ó wò mí pẹ̀lú àánú. "Mẹ́tìrì, ká ní èmi ni mo fi irú iṣẹ́ báyìí sílẹ̀ fún yín láyé ọjọ́un, ẹ̀yin ì bá fún mi ní zéro lórí ogún."

Mo bẹ bíríkìlà wa. Kò fi mí ṣẹ̀sín, bóyá nítorí pé iléeṣẹ́ náà jẹ òun náà lówó. Kó tó gbà, ó ní kí n kọ́kọ́ bá òun dé ilé kan ní Agbonou tí òun ti ṣe, kí n má bàa tún fi ojú fóònù yan ènìyàn. Onílé náà ní kí n gun àkàbà wo abẹ́ páànù, ó gbẹ fúrúfúrú. Ó ní iṣẹ́ bíríkìlà wa mọ́, ó sì ní kí n má retí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé bó bá mu ọtí sodabi lọ́jọ́ Àìkú. Kò sí èyí tó sọ tí kò rí bẹ́ẹ̀. A tún páànù ṣe, mo sanwó páànù. A fi pákó contreplaqué ṣe àjà, mo sanwó àjà. Ewé ìwé tó kọ níjọ́sí ṣì wà lábẹ́ rédíò, ó kọ gbogbo nǹkan sí i títí dórí ìṣó. Mo fi bíìkì pupa ṣírò rẹ̀ wò, ó ti ṣìṣirò, ó yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sẹ́fà kúrò nínú owó ara rẹ̀. Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi títí mo fi san án.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ya fọ́tò pálọ̀ náà, ó gbé e sórí Facebook. Kò pẹ́ tí mo fi tún rí i lójú ewé àwọn décorateur wa, sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò méjì rẹ̀ hàn kedere, wọ́n kọ "Villa moderne à Kamina" sábẹ́ rẹ̀. Ní àìpẹ́ yìí ni ọkùnrin kan pè mí láti Anié, kò sì sẹ́ni tí kò mọ ilé Mẹ́tìrì ní Kamina, ẹnìkan ti fún un ní nọ́ńbà mi. Ó ní òun rí pálọ̀ mi, ó wu òun gidi, wọ́n sì ti ní kí òun san ìdá àádọ́rin. Ṣé lóòótọ́ ni àwọn ènìyàn yẹn ṣe é?

Mo ní kó dúró ná. Mo gbé fóònù fún ìyàwó mi.