Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Àdúgbò: Ọ̀rọ̀ Ìyẹ̀fun Inú Ike

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ọkùnrin gbé ike dúdú kan wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó garawa. Láàárọ̀, lálẹ́, á bu ìyẹ̀fun inú ẹ̀ sómi, á mì í, á gbé e mu, á wá lọ dúró níwájú dígí, á máa wú iṣan apá. Ẹgbẹ́ aládùúrà wa ní bí oògùn owó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Tí Ò Róorun Sùn, Ìbàdàn

Ìyá wa, ẹ sùn. Ẹni tó ta ike yẹn nìkan ló ń fi í ṣe owó. Whey ló wà nínú ẹ̀. Ṣé ẹ mọ omi tó máa ń ro sílẹ̀ bí àwọn obìnrin Fúlàní bá fi ewé bọmubọmu se wàrà, tí wọ́n sì gbé e sínú asẹ́? Òun náà ni. Nílùú òyìnbó, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé e fún tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn á dà á sódò. Ìgbà tó yá ni wọ́n gbẹ ẹ́, wọ́n fi adùn ṣokoléètì sí i, wọ́n wá lẹ àwòrán ọkùnrin tí kò wọ ẹ̀wù mọ́ ike. Ẹlẹ́dẹ̀ kò sanwó rí. Ọmọ yín san.

Ṣíbí kan tí wọ́n ń bù níbẹ̀ ní nǹkan bíi gíráàmù 25 purotéènì. Ẹyin mẹ́rin ní bẹ́ẹ̀. Gíráàmù 100 ẹ̀wà tí a kò tíì sè súnmọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ eré ìdárayá ní ẹni tó ń gbé irin lè jẹ gíráàmù 1.4 sí 2 lóòjọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Bí ọmọ yín bá wọn kílò 70, gíráàmù 98 sí 140 nìyẹn. Mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹja àti ẹran á gbé e débẹ̀. Ike wà fún ọjọ́ tí kò bá ráyè jẹun. Kó sì rí i pé nọ́ńbà NAFDAC wà lára ẹ̀.

Ṣùgbọ́n irin gbígbé ló ń kọ́ iṣan, ìyẹ̀fun kì í dá a ṣe. Nítorí náà, bó bá ti gbé ife sílẹ̀, ẹ gbé odó fún un. Kó gúnyán fún gbogbo ilé, kó pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù, kó gbé jẹnẹrétọ̀ jáde. Ẹ ní èmi ni mo ní eré ìdárayá ni. Bí ẹgbẹ́ aládùúrà bá dé, ẹ bu iyán fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà tí mo ti ń mu ún ni inú mi ti ń kùn, mo sì ń só tòru-tọ̀sán. Ìyàwó mi ti kó lọ sùn sí pálọ̀. — Alágbára Ìkòròdú

Àbúrò, ṣúgà inú wàrà ló ń dà ọ́ láàmú. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ilẹ̀ wa ni ikùn wọn kì í lè dà á. Wo ara ike: bí wọ́n bá kọ concentrate síbẹ̀, ṣúgà yẹn ṣì kù nínú ẹ̀, ti isolate kéré púpọ̀. Pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí o padà sídìí ẹyin. Ṣùgbọ́n má tíì da èyí tó kù nù. Tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ tí láńlọ́ọ̀dù bá ń bọ̀ wá fi kún owó ilé. Mu ṣíbí méjì, ti fèrèsé, kí o wá ní kí bàbá jókòó dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n, èyí tí wọ́n ń pè ní mass gainer ni mo rà. Kò jẹ́ lápá, kò jẹ́ láyà, ikùn nìkan ló ti jẹ́. — Pẹlẹbẹ, Abẹ́òkúta

Ka ẹ̀yìn ike. Sítáàṣì àti ṣúgà ló sábà ń pọ̀ jù nínú ẹ̀. Gàrí lo fi owó dọ́là rà.

Ẹ̀gbọ́n, kóòṣì wa ní òun ní abẹ́rẹ́ kan tó yá ju ìyẹ̀fun lọ. — Mò Ń Kánjú, Òṣogbo

Ó jọ pé sìtẹ́rọ́ìdì nìyẹn. Apá á wú lóòótọ́, kórópọ̀n á súnkì, ó sì lè ba ọkàn jẹ́. Kí kóòṣì kọ́kọ́ gún ara rẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ wá jẹ́rìí. Ìwọ sá.

Ẹ̀yin yòókù tí ẹ fẹ́ kọ̀wé: ẹni tí kíndìnrín ń bá jà, dókítà ni kó lọ bá kó tó ṣí ike kankan. Èmi ò gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.